Ẹ Jẹ́ Ká Kúrò ní Gálílì: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Aṣáájú Ìjọ Ọlọ́run ní Iléṣà

Ẹ̀yin bàbá wa àti ẹ̀yin ìyá wa nínú Olúwa, ẹ̀yin bíṣọ́ọ̀bù, àlùfáà, pásítọ̀, wòlíì, ajíhìnrere àti gbogbo ẹ̀yin alàgbà ìjọ nílùú Iléṣà, láti Ìlọ́rọ̀ dé Òtàpẹ̀tẹ̀, láti Ọ̀mọ̀fẹ́ dé Òkè-Ooye, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ kú àdúrà lórí wa.

Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni mí, àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n fi sí mi lọ́wọ́. N kò ní oyè kankan nínú ìjọ, n kò sì kọ̀wé yìí láti kọ́ àgbà lọ́rọ̀ Ọlọ́run. Ẹ̀bẹ̀ ni mo mú wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí gbogbo ìjọ tó wà nílùú yìí máa pàdé pọ̀ lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ tí a ń rántí bí Ẹ̀mí Mímọ́ ṣe bà lé àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Jésù, kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2026 yìí, tó bọ́ sí ọjọ́ 24, oṣù Karùn-ún. Ẹ fún mi láyè kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ bi ọmọ ọdún mẹ́jọ kan léèrè ní Iléṣà pé kí ni Kérésìmesì, yóò ti dáhùn kí ẹ tó pa ẹnu dé. Ẹ bi í ní Ẹtì Rere, yóò sọ̀rọ̀ àgbélébùú. Ẹ bi í ní Àjíǹde, yóò ní Jésù jí dìde, lọ́jọ́ kejì a lọ sí Gálílì, ìyẹn ìjáde tí ìjọ máa ń ṣe ní Ọjọ́ Ajé Àjíǹde. Ẹ wá bi í pé lẹ́yìn Gálílì ńkọ́? Ibẹ̀ ni yóò ti dákẹ́. Ọ̀pọ̀ òbí rẹ̀ gan-an ni yóò dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, èyí ló sì ń jẹ mí lọ́kàn.

N kò bá Kérésìmesì jà. Bí ọdún bá ti ń parí lọ, àwọn ọmọ Obòkun tó wà ní Èkó, ní Àbújá àti lókè òkun á rọ́ wálé. Mọ́tò á kún Ẹ̀rẹ̀jà dẹ́múdẹ́mú, adìẹ á gbówó lórí lọ́jà Atakúnmọ́sà, ìyá tí kò fojú kan ọmọ rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́ á gbé ọmọ-ọmọ jó. Ohun rere ni kí ẹbí rí ara wọn. Ìjọ náà á sì kọrin, wọ́n á ka ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án látinú Bíbélì, a ó gbọ́ pé Ọlọ́run wọ ẹran ara bíi tiwa, wọ́n sì tẹ́ ẹ sí ibùjẹ ẹran torí pé kò sí àyè fún wọn nílé èrò. Bíbélì kò sọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Àkọsílẹ̀ tó kọ́kọ́ fi hàn pé àwọn onígbàgbọ́ Róòmù ń ṣe é lọ́jọ́ 25, oṣù Kejìlá tọ́ka sí ọdún 336. Èyí kò bà mí nínú jẹ́ rárá. Ìbí rẹ̀ ni à ń rántí, kò pọn dandan kí a mọ déètì rẹ̀ ká tó dúpẹ́.

Ọ̀nà tó lọ sí Àjíǹde ló dùn mọ́ mi jù láti kọ́ ọmọ, nítorí pé ọwọ́ lèmi àtàwọn ọmọ fi ń kọ́ ọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìjọ á gé imọ̀ ọ̀pẹ tútù wá láti oko. A ó la ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, a ó ṣẹ́ ẹ po, a ó ki ìdí rẹ̀ bọ àárín, yóò di àgbélébùú kékeré. Ti ọmọdé á kọ́kọ́ tú mọ́ ọn lọ́wọ́, á tún un ká, ọwọ́ rẹ̀ á wá mọ̀ ọ́n. Á gbé e délé, ìyá rẹ̀ á fi há ẹ̀yìn àwòrán lára ògiri tàbí kó fi sáàárín Bíbélì. Kí ọdún tó yípo, ó ti gbẹ, ó ti pọ́n bí awọ. Nínú àwọn ìjọ tó ń pa Ọjọ́rú Eérú mọ́, imọ̀ gbígbẹ tọdún tó kọjá ni wọ́n ń sun, eérú rẹ̀ ni àlùfáà fi ń sàmì àgbélébùú síwájú orí, tí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì fi ń bẹ̀rẹ̀. Ogójì ọjọ́ ni ààwẹ̀ náà, bí a bá yọ àwọn Ọjọ́ Ìsinmi inú rẹ̀ kúrò. Ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ká ọ̀pẹ, tó wá rí i lọ́dún kejì tó ti di eérú níwájú orí ìyá rẹ̀, n kò ní láti ṣàlàyé púpọ̀ fún un mọ́ bí ẹnu tó kígbe “Hòsánnà” ṣe ń kígbe “Kàn án mọ́ àgbélébùú” láàrin ọjọ́ mélòó kan.

Àwọn ọmọ tún máa ń bi mí pé kí ló dé tí Kérésìmesì ń dúró lójú kan, tí Àjíǹde ń sún kiri. Mo máa ń sọ fún wọn pé òṣùpá la fi ń ka a. Ìgbà àjọ Ìrékọjá àwọn Júù ni wọ́n kan Olúwa wa mọ́ àgbélébùú, òṣùpá ni àwọn Júù sì fi ń mọ ìgbà àjọ náà. Nítorí náà Ọjọ́ Ìsinmi tó bá tẹ̀ lé òṣùpá àrànmọ́jú láti ọjọ́ 21, oṣù Kẹta ni àwa náà ń ṣe Àjíǹde. Kò lè yá ju ọjọ́ 22, oṣù Kẹta lọ, kò sì lè pẹ́ ju ọjọ́ 25, oṣù Kẹrin. Lọ́dún yìí, ọjọ́ 5, oṣù Kẹrin ni.

Ẹtì Rere nílùú yìí, n kò ní ẹ̀bẹ̀ kankan láti bẹ̀ yín lórí rẹ̀. Láti agogo méjìlá sí agogo mẹ́ta ọ̀sán, ní wákàtí tí òkùnkùn fi bo ilẹ̀ ní Kálfárì, ilé ìjọsìn á kún. Aṣọ dúdú á wà lórí pẹpẹ. Wọ́n á ka ọ̀rọ̀ méje tí Jésù sọ lórí igi, ìwàásù á tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ìyá àgbà tí kò tíì fi omi kan ẹnu láti òwúrọ̀ á dúró títí dé “Ó parí.” Mo ti rí ìyá kan tó bọ́ gèlè rẹ̀ sílẹ̀, tó gbé e sórí itan, tó ń fi ọwọ́ pa á bí ẹni ń tu ọmọ nínú, títí ìsìn fi parí. Ìjọ tó lè jókòó bẹ́ẹ̀ ti ìbànújẹ́ Ọlọ́run lè jókòó ti ohunkóhun.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni ọ̀rọ̀ mi wà. Gbogbo ìjọ á jáde. Wọ́n á gbé kúlà ìrẹsì, gbé ìlù, gbé ẹní, àwọn ọ̀dọ́ á ti mú bọ́ọ̀lù dání, a ó gba pápá ilé-ìwé lọ tàbí ọ̀nà abúlé, a ó ní Gálílì là ń lọ. Ibi rere ni àṣà yìí ti ṣẹ̀. Nínú ìwé Mátíù orí 28, áńgẹ́lì ní kí àwọn obìnrin tó wá sí ibojì yára lọ sọ fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn pé Jésù ti ṣáájú wọn lọ sí Gálílì. Jésù fúnra rẹ̀ pàdé wọn lọ́nà, ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Oúnjẹ gan-an wà nínú rẹ̀. Nínú Jòhánù orí 21, etí òkun Tìbéríà, tí í ṣe òkun Gálílì, ni Olúwa tó jí dìde ti fi iná ẹyín sun ẹja, tó ní kí wọ́n wá jẹun àárọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń bínú sí kúlà ìrẹsì wa, kó tún Bíbélì rẹ̀ kà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka a dé ìparí. Lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán, ó yíjú sí Pétérù, ó bi í lẹ́ẹ̀mẹ́ta bóyá ó fẹ́ràn òun, ó sì fi àwọn àgùntàn lé e lọ́wọ́. Lórí òkè Gálílì tí Mátíù sọ, àwọn mọ́kànlá rí i, wọ́n foríbalẹ̀ fún un, àwọn mìíràn sì ń ṣiyèméjì, Jésù kò sì lé àwọn oníyèméjì náà dànù. Ó rán gbogbo wọn níṣẹ́ sí gbogbo orílẹ̀-èdè. Lúùkù fi kún un pé ó ní kí wọ́n dúró nínú ìlú Jerúsálẹ́mù títí wọn yóò fi gba agbára láti òkè. Gálílì ni wọ́n ti gba iṣẹ́, Jerúsálẹ́mù ni wọ́n lọ dúró de ohun èlò iṣẹ́. Àwa ní tiwa, tí a bá ti kó kúlà wọlé lálẹ́ Ọjọ́ Ajé, ó tán. Títí di ìgbà Ìkórè, àyàfi tí ìjọ bá ní àjọ̀dún tirẹ̀, kò sí ọjọ́ kan tí gbogbo wa ń fojú sọ́nà fún.

Ọjọ́ Ìgòkè-re-ọ̀run á wá kọjá láàrin ọ̀sẹ̀ bí ẹni pé kò wá. Ogójì ọjọ́ lẹ́yìn Àjíǹde ni, Ọjọ́bọ̀ ló máa ń jẹ́, ọjọ́ 14, oṣù Karùn-ún lọ́dún yìí. Ọjà ń ná, ilé-ìwé ń lọ. Mo rò pé ìjọba ti bá wa yan ọjọ́ mímọ́ láìmọ̀. Wọ́n fún wa ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ fún Ẹtì Rere, Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, Kérésìmesì àti ọjọ́ kejì rẹ̀, èyí tí wọn kò fún wa ní ìsinmi fún, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé rẹ̀. Pẹ́ńtíkọ́sì kò tilẹ̀ nílò ìyọ̀ǹda ìjọba, torí Ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń bọ́ sí lọ́dọọdún.

Ẹ̀yin àgbà mọ ìtàn rẹ̀ jù mí lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ fáwọn ọmọ. Àádọ́ta ọjọ́ lẹ́yìn Ìrékọjá, àwọn Júù máa ń ṣe àjọ àkọ́so àlìkámà. Àwọn èrò ti ọ̀nà jíjìn wá sí Jerúsálẹ́mù. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn, tí wọ́n tó ọgọ́fà, ọkùnrin àtobìnrin, Màríà ìyá Jésù pẹ̀lú wọn, ti ń gbàdúrà láti ọjọ́ tí Olúwa ti gòkè. Ìró bí ẹ̀fúùfù líle kún inú ilé, ahọ́n bí iná bà lé olúkúlùkù wọn. Agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni, èyí ni Pétérù fi dá àwọn tó ní wọ́n mutí yó lóhùn. Èyí tó ya èrò lẹ́nu jù ni pé àwọn ará Gálílì wọ̀nyí ń sọ èdè gbogbo wọn: èdè Pátíà, Mídíà, Íjíbítì, Líbíà, Róòmù, Kírétè, Árábíà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, nǹkan bí ẹgbẹ̀ẹ́dógún ènìyàn ti kún wọn.

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ èdè yẹn. Ọlọ́run kò ní kí ará Pátíà lọ kọ́ èdè Hébérù kó tó gbọ́ ìhìn rere. Òun ló lọ bá a nínú èdè tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Nígbà tí odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí Àjàyí Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ Pẹ́ńtíkọ́sì ló tún ṣẹ lójú wa. Ìyá àgbà tí kò mọ A kó yàtọ̀ sí B, tó ń ka Sáàmù 23 lórí nígbà tí àyà rẹ̀ bá ń já, inú Pẹ́ńtíkọ́sì ló wà, ẹnikẹ́ni kò kàn sọ fún un ni.

Ó tún wá kan ìlú wa gan-an. Ní oṣù Keje, ọdún 1930, àwọn aṣáájú ìjọ Faith Tabernacle pé jọ sí Òkè-Ooye níbí láti yanjú ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ìjọ. Ìpàdé náà di ìsọjí. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Odò-Ọwá, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́ wíwa ẹ̀rọ tí ń tẹ ọ̀nà mọ́lẹ̀, tí Ọlọ́run pè lẹ́nu iṣẹ́ náà ní 1928 lágbègbè Ìkejì-Arákejì, ni Ọlọ́run lò. Agogo ń dún, wọ́n ń gbé omi wá fún àdúrà, èrò ń wọ́ bọ̀ láti ìlú gbogbo, ní ẹsẹ̀, nínú lọ́rì, aláìsàn lórí ẹ̀yìn ẹbí. Ìjọ Krístì Àpọ́sítélì wá láti inú ìsọjí náà, ipa rẹ̀ sì kan ọ̀pọ̀ ìjọ Aládùúrà lẹ́yìn rẹ̀. Awakọ̀ tí kò ka ìwé púpọ̀, tó wàásù ní èdè Yorùbá, tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá sì gbọ́. Bí a bá ń wá ìlú tí kò yẹ kí Ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì dà bí ọjọ́ ìsinmi lásán níbẹ̀, Iléṣà ni.

Ní 2030, ìsọjí náà yóò pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Mo mọ̀ pé àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn yóò ṣe ayẹyẹ rẹ̀, yóò sì dùn. Pẹ́ńtíkọ́sì ọdún náà yóò bọ́ sí ọjọ́ 9, oṣù Kẹfà, nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ayẹyẹ. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ lónìí yóò ti di ọ̀dọ́ nígbà yẹn. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ iná tí a ń ṣe ìrántí rẹ̀, kó má jẹ́ pé fìlà àti ife tí wọ́n kọ orúkọ ayẹyẹ sí lára nìkan ni yóò kù lọ́wọ́ wọn.

Mo mọ àwọn tí kò ní fara mọ́ ọn. Àwọn bàbá wa kan nínú ìjọ tí kì í ka ọjọ́ kankan sí ju òmíràn lọ yóò ní ẹrù ni ọjọ́ mímọ́, ẹrù tí Kristi ti sọ̀ kalẹ̀. Pọ́ọ̀lù ti dá sí ẹjọ́ yìí nínú ìwé Róòmù orí 14: ẹni tó ń pa ọjọ́ mọ́, Olúwa ló ń pa á mọ́ fún, kí olúkúlùkù dá ara rẹ̀ lójú lọ́kàn, kí ẹnì kan má sì dá ẹnìkejì lẹ́bi. N kò sọ pé ọjọ́ 24 mọ́ ju ọjọ́ 25 lọ. Ọmọdé ni mò ń rò. Ohun tí kò ní ọjọ́, ọmọdé kì í rántí rẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ní ojoojúmọ́ ni Pẹ́ńtíkọ́sì nínú ìjọ tàwọn. A dúpẹ́. Ojoojúmọ́ náà ni Jésù jí dìde, síbẹ̀ a kò fi Ọjọ́ Àjíǹde sílẹ̀. Àwọn ará ìjọ Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì, tí èmi náà jẹ́ ọ̀kan lára wọn, lè rò pé ọ̀rọ̀ Òkè-Ooye kì í ṣe tiwa. Àwọn òbí òbí wa wà nínú èrò tó gun òkè náà lọ, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ní ná wa lówó. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ṣe ìsìn òwúrọ̀ tirẹ̀ bó ṣe ń ṣe é. Ní ìrọ̀lẹ́, kí gbogbo wa pàdé ní pápá kan tí ẹ bá fọwọ́ sí. Kí á má dá aṣọ ẹbí, kí á má sì ṣe ìkówójọ. Kí ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kejì, kí ẹ sì kà á ní gbogbo èdè tó ń gbé Iléṣà: kí àgbàlagbà kan kà á ní Ìjẹ̀ṣà gidi, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Ìsọ̀nà, kí àwọn ará Ìgbò tó ń tajà láàrin wa ka tiwọn, kí àwọn Ẹ̀bìrà tó ń bá wa ṣiṣẹ́ oko ka tiwọn, kí ẹni tó gbọ́ Haúsá ka ti Haúsá. Àwọn àlejò wọ̀nyí ń jókòó sẹ́yìn ilé ìjọsìn wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n ń gbọ́ Yorùbá tí kò yé wọn tán. Kí wọ́n gbọ́ tiwọn lórí pèpéle lọ́jọ́ kan.

Àjọ àkọ́so ni Pẹ́ńtíkọ́sì láti ilẹ̀ wá, àsìkò náà sì ni àgbàdo tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́dọ̀ wa. A ti gbé gbogbo ìkórè wa lọ sí ìparí ọdún. Kí ẹni tó bá ní àgbàdo tútù mú un wá lọ́jọ́ náà, tí kò bá sí, kó mú ẹ̀fọ́ tàbí iṣu wá. Lẹ́yìn àdúrà, kí a kó o lọ sí ilé-ìwòsàn Wesley Guild fún àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn tí kò ní ẹni tí yóò gbé oúnjẹ wá fún wọn. Mo ti rí wọn lábẹ́ igi níbẹ̀, tí wọ́n ń fi búrẹ́dì àti omi inú ọ̀rá gbéra.

Kí ọjọ́ náà tó dé, kí ìjọ tó bá lè ṣe é ṣí ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ Ìgòkè, lẹ́yìn tí ọjà bá ti tú. Ìdajì wákàtí tó. Láti ìrọ̀lẹ́ yẹn títí dé Pẹ́ńtíkọ́sì, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan máa gbàdúrà fún ìlú lálẹ́, bí àwọn ọgọ́fà ṣe dúró.

Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọ láti ka ẹ̀kọ́ náà, èmi àtàwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi á gbà á. Mo ti bá ìyá oníṣòwò kan sọ̀rọ̀ tó lè ka ti Ìgbò, ó ní òun ti ṣe tán. Ẹni tí yóò ka ti Ẹ̀bìrà ni a ṣì ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kéde rẹ̀ nínú ìjọ yín, kí ẹ sì jẹ́ ká gbọ́ ibi tí ẹ bá fi ìpàdé sí kí oṣù Kẹrin tó parí, kí àwọn ọmọ lè rí àyè kọ́ ọ dáadáa.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ Olúwa,
Olùkọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi kan, Iléṣà.